Àjà Tó Mu Tíì

Ní aago méje àárọ̀, nígbà tí àwọn ọmọlúàbí ń fi ife mu tíì, orí àpótí ni Àlùmọ́gàjí dúró sí lókè àtẹ̀gùn, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun tíì sára àjà ilé rẹ̀. Orí rẹ̀ pé o. Ẹni tí báǹkì fẹ́ rán wá díye lé ilé náà máa dé ní aago mẹ́wàá, Àlùmọ́gàjí sì fẹ́ kó bá òrùlé tó ń jò. Ilé tó ń jò kì í níye lórí púpọ̀. Bí ilé náà kò bá sì níye lórí, agbára rẹ̀ á ká a láti rà á.

Ẹ má bínú, mo ti sáré ju ìtàn lọ. Aránṣọ ni obìnrin yìí. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Àlùmọ́gàjí, orúkọ tí à ń pe sísọ́ọ̀sì, nítorí pé bí irin ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń gé aṣọ ni ahọ́n rẹ̀ ń gé èèyàn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn sí i.

Òun nìkan kọ́ ló nilé. Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn ni òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ń ṣe káfíńtà jọ fi ẹ̀yáwó báǹkì rà á, nígbà tí báǹkì ò gbà láti dá ẹnì kankan yá lówó nínú àwọn méjèèjì. Owó tó ń wọlé fún aránṣọ kéré, ti káfíńtà kò sì dúró sójú kan. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè, ni wọ́n bá para pọ̀. Orúkọ méjì wọ inú ìwé ilé kan. Yàrá iwájú nísàlẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí. Ilẹ̀kùn tó kọjú sí títì yẹn làwọn oníbàárà mọ̀. Bó bá kó kúrò níbẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ìdajì wọn á ti rí aránṣọ mìíràn kó tó rí ibòmíràn gbà.

Òrùlé ni àbúrò fi ń yangàn ní tiẹ̀. Nígbà tí wọ́n ra ilé náà, ẹni tó bá dùbúlẹ̀ lókè lè ka ìràwọ̀. Ó tú òrùlé àtijọ́ palẹ̀ lóun nìkan, ó kan tuntun, oṣù méjì ló fi ṣe é. Láti ìgbà náà, kò sí àlejò tó mu omi tán nílé náà tí kò ní gbọ́ ìtàn òrùlé. Ọkùnrin tó máa ń wá ka mítà iná ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta.

Àfi bí àbúrò ṣe jókòó lọ́jọ́ kan tó ní òun fẹ́ gbéyàwó. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó, ìlú tí rélùwéè ń fi wákàtí mẹ́fà rìn dé ló ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ sì ni káfíńtà fẹ́ lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun ra ìdajì tòun. Iye tí ẹni tí báǹkì bá rán bá pè ni kí wọ́n lò, kí wọ́n yọ gbèsè tó kù kúrò, kí wọ́n pín ìyókù sí méjì, kí wọ́n fún òun ní tòun. Kò sí ìrẹ́jẹ kankan níbẹ̀. Ohun tó bí Àlùmọ́gàjí nínú gan-an nìyẹn, kò rí ibi tó máa ti bá a jà.

Báǹkì wo ìwé owó tó ń wọlé fún un, wọ́n ní ibi báyìí ni agbára àwọn mọ, àwọn ò lè yá a jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lọ fi ṣọ́ọ̀kì ṣírò rẹ̀ lórí tábìlì tó fi ń gé aṣọ. Bí adíyelé, ẹni tí báǹkì máa rán wá, bá pe ilé náà ní iye kan báyìí, owó báǹkì á tó gẹ́ẹ́. Bó bá fi ìdámẹ́wàá péré lé e, ìdajì àbúrò á ju ohun tí báǹkì máa yá a lọ, wọ́n á sì ta ilé fún àjèjì. Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Báǹkì náà ń wo ilé, kó lè mọ ẹni tó máa di aláìnílé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Àlùmọ́gàjí kò fi sùn dáadáa. Ó rán apá mọ́ ọrùn aṣọ tíṣà kan. Tíṣà wọ̀ ọ́ wò, ó ní ṣé àṣà tuntun ni.

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rù owó nìkan ló ń bà á, ì bá sàn. Inú tún ń bí i. Ọdún mọ́kànlá ni àwọn méjèèjì fi jọ ń jẹun lórí tábìlì kan, ọmọkùnrin yìí wá rí nọ́ọ̀sì, ó ní ó dàbọ̀. Àlùmọ́gàjí rò ó nínú ara rẹ̀ pé ẹni tó ń lọ ni kó san owó ìlọ rẹ̀. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé kò dùn-ún gbọ́ létí òun pàápàá.

Onídìrí tó wà ní òdìkejì títì ló gbà á nímọ̀ràn. Obìnrin yìí kò ra ilé rí, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ra ilé tí kò mọ̀. Ó ní kí Àlùmọ́gàjí jẹ́ kí ilé náà sunkún. Ó ní ìbátan òun kan gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ àjà lásán, adíyelé rí i, àánú ṣe é, ó gé iye ilé sí ìdajì. Nígbà tí Àlùmọ́gàjí bi í pé ìbátan wo nìyẹn, kí òun lọ bi í bó ṣe ṣe é, onídìrí ní àwọn ò sọ̀rọ̀ mọ́.

Nígbà tó ku ọ̀la kí adíyelé dé, Àlùmọ́gàjí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó tú ẹnu ẹ̀rọ omi ní balùwẹ̀ kó lè máa kán tó, tó, ó tú ọwọ́ àtẹ̀gùn tí wọ́n ń dì mú gòkè kó lè máa mì, ó ki páálí bọ abẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná kó lè máa há. Àbúrò dé láti ibi iṣẹ́, ó fi èjìká di fóònù mọ́ etí, ó ń bá nọ́ọ̀sì rẹ̀ sọ̀rọ̀ ìfẹ́. Kó tó sọ fún un pé ó dàárọ̀, ó ti de ẹ̀rọ omi, ó ti de ọwọ́ àtẹ̀gùn, ó ti yọ páálí. Bí ẹ bá bi í, kò mọ̀ pé òun ṣe nǹkan kan. Ọwọ́ rẹ̀ ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá ti rí ohun tó ń mì, á dè é, ìbáà jẹ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n lójú Àlùmọ́gàjí, ńṣe ló ń tún ilé ṣe kí owó tiẹ̀ lè pọ̀ sí i. Ó ní òun ò mọ̀ pé inú ọmọ yìí ṣókùnkùn tó báyìí. Ẹ gbọ́ o, ẹni tó ń tú ilé ló ń pe ẹni tó ń tún un ṣe ní oníwọra.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe di ti tíì nìyẹn. Kò sí irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń de àbàwọ́n. Káfíńtà ti tètè jáde lọ síbi iṣẹ́, ó ní òun á padà dé kí aago mẹ́wàá tó lù. Àlùmọ́gàjí po tíì tó dúdú kirikiri, ó kùn ún, ó dúró kó gbẹ, ó tún kun òmíràn lé e, títí àbàwọ́n náà fi fẹ̀ tó àwo ọbẹ̀. Tíì ṣàn wọ inú apá aṣọ rẹ̀ títí dé ìgúnpá. Ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sísàlẹ̀, ó bu omi díẹ̀ sí i, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì kí ara rẹ̀ kú iṣẹ́. Ohun kan ni kò rántí. Láti ìgbà tó ti ń po tíì láyé, horo ṣúgà mẹ́rin ló ń fi sí i, ọwọ́ rẹ̀ kò sì dúró bèèrè bóyá èèyàn ló fẹ́ mu èyí tàbí àjà.

Adíyelé dé ní aago mẹ́wàá géérégé. Ọmọbìnrin kan ni, kò lè ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ, ó wọ bàtà tí kì í dún nílẹ̀, ó mú ìwé dání, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré kan tó ń tan iná pupa sára ògiri tó sì ń sọ bí yàrá ṣe gùn tó. Èyí dun Àlùmọ́gàjí, nítorí pé téèpù ló fi ń jẹun láti ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí ọmọbìnrin náà wọn yàrá iwájú tán, Àlùmọ́gàjí yọ téèpù kúrò lọ́rùn, ó tún un wọ̀n. Ó bá a mu rẹ́gí, inú rẹ̀ sì bà jẹ́.

Káfíńtà náà ti dé, eruku igi wà lórí fìlà rẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń yí ilé ká. Ẹni tó ní nǹkan máa ń yìn ín, ṣùgbọ́n Àlùmọ́gàjí ń bú ilé rẹ̀ láti yàrá dé yàrá. Ó ní ilé ìdáná ṣókùnkùn. Ó ní títì ń pariwo. Ó ní àwọn ará òdìkejì kò níwà, ó sì nawọ́ sí ilé onídìrí. Gbogbo ìgbà tí káfíńtà bá ti la ẹnu láti sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọmọbìnrin náà kò bá wọn dá sí i, ó ṣáà ń kọ̀wé. Àìsọ̀rọ̀ yẹn ló ń pa Àlùmọ́gàjí. Bí èèyàn bá ń jiyàn, a máa mọ ibi tó wà.

Ni wọ́n bá gun òkè.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì ni ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ rí. Ó wo inú rẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sókè. Àbàwọ́n wà níbẹ̀, kò sì sí ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn èèrà ti dé. Wọ́n tò láti ojú fèrèsé, wọ́n gba ara ògiri lọ sókè, wọ́n pagbo yí àbàwọ́n náà ká, wọ́n dorí kodò, wọ́n ń jẹun. Àlùmọ́gàjí wò wọ́n, ó rántí ṣúgà. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòtítọ́ máa bá a. Tirẹ̀ kò tíì pé wákàtí mẹ́rin.

"Ṣé òrùlé yìí ń jò ni?" ni ọmọbìnrin náà bèèrè.

Láti àná ni Àlùmọ́gàjí ti ní ìdáhùn ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu. Ó yíjú, ó rí àbúrò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú gbogbo bó ṣe pète pèrò, ó gbàgbé pé ẹni tó kan òrùlé náà máa dúró lábẹ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá bèèrè.

Káfíńtà gbójú sókè. Ó wo àbàwọ́n, ó wo èèrà. Lẹ́yìn náà ló wo apá aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti pọ́n dé ìgúnpá, ó wò ó pẹ́. Àlùmọ́gàjí rí i nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yé e, àti tíì, àti ẹ̀rọ omi, àti ọwọ́ àtẹ̀gùn. Ó ń retí kó sọ̀rọ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, owó rẹ̀ ni wọ́n sì fẹ́ jẹ. Káfíńtà ṣí fìlà lórí, kò wo ojú ẹnì kankan.

"Ó ń jò," ó ní.

"Ta ló kàn án?"

"Èmi ni. Mi ò kàn án dáadáa. Iṣẹ́ ò tíì fi bẹ́ẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà yẹn."

Ọmọbìnrin náà gbé pẹ́ńsù rẹ̀ lé ìwé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Àlùmọ́gàjí ti ń gbàdúrà pé kí báǹkì gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wá gbọ́ ọ lẹ́nu ọkùnrin tí kò gbà fún ẹlẹ́ran ara kankan rí pé ìṣó kan ṣoṣo tí òun kàn wọ́. Ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ ba orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, kí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ má bàa bà jẹ́. Kò tiẹ̀ wo apá ibi tó wà, kí ojú má bàa tì í. Ojú sì ti Àlùmọ́gàjí, ó tì í dé egungun. Àwọn àgbà ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Òun ò wulẹ̀ fi oúnjẹ sílẹ̀ fún àbúrò, òun ti fẹ́ jẹ àbúrò náà mọ́ ọn.

"Irọ́ ló ń pa," ó ní. "Òrùlé yìí ò jò rí. Ọdún mọ́kànlá lòjò ti ń rọ̀ lé e, ẹ̀kán kan ò wọlé. Tíì ni mo kùn síbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ tọ́ ọ wò, ṣúgà wà nínú ẹ̀."

"Mo ti rí àwọn tó ń tọ́ ọ wò, mà," ni ọmọbìnrin náà fèsì.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan fi pẹ́ńsù ya ilà sára ògiri ilé rẹ̀ kó lè dà bíi pé ó ti sán, ó sì mọ̀ ọ́n yà. Ó ní òun kì í díye lé tíì, òun kì í sì í díye lé ẹnu ẹ̀rọ omi. Iye tí wọ́n ta àwọn ilé ẹgbẹ́ rẹ̀ lójú títì yẹn ni òun ń wò, àti bí ilé ṣe fẹ̀ tó, àti ògiri, àti òrùlé. Ó wá ní kí káfíńtà ṣí ojú àjà kí òun lè rí igi òrùlé náà. Káfíńtà gbé àkàbà wá. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fi wà lókè ọ̀hún. Àlùmọ́gàjí di àkàbà mú nísàlẹ̀, ó ń gbọ́ ìtàn òrùlé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì já a lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nígbà tí àlejò lọ tán, ó bẹ àbúrò rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ò ní gbà pé ó lè bẹ èèyàn, ṣùgbọ́n ó bẹ̀ ẹ́. Káfíńtà ní ó ti tán. Ó ní ohun kan ṣoṣo tó dun òun ni pé bí òrùlé yẹn bá tiẹ̀ fẹ́ jò, kò lè gba ibi tó kun tíì sí jò. Bó bá ti bi òun ni, òun ì bá fi ibi tó yẹ hàn án.

Ọjọ́ kẹjọ ni lẹ́tà báǹkì dé. Àlùmọ́gàjí gbé e sórí tábìlì, ó gé aṣọ méjì, ó tún padà wò ó, kò lè ṣí i. Káfíńtà ló bá a ṣí i. Iye tí wọ́n pe ilé náà kọjá ibi tó fi ṣọ́ọ̀kì dá ààlà sí, kò sì kọjá díẹ̀. Nísàlẹ̀ ìwé náà, adíyelé kọ ọ́ pé iṣẹ́ òrùlé náà dára gan-an. Káfíńtà ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ohùn oníwàásù kà á. Lẹ́yìn náà ló rí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì ká lẹ́tà náà padà. Àlùmọ́gàjí ń wo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ àti ilẹ̀kùn tó kọjú sí títì. Ó ti ń ro iye ẹni tó máa gbà láti gbé ẹ̀rọ náà jáde.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n lọ sí báǹkì. Akọ̀wé tó gbà wọ́n wọ táì, ó rò pé wọ́n wá sọ pé kí wọ́n ta ilé ni, ó ti mú ìwé rẹ̀ jáde. Káfíńtà ní kó dá a padà. Iye tí báǹkì bá lè yá ẹ̀gbọ́n òun ni òun máa gbà, òun ti fi ìyókù jìn ín. Àlùmọ́gàjí ní kò sóhun tó jọ ọ́. Ó ní òun ò ní fẹ́ jalè lọ́sẹ̀ yìí kí òun wá gba ọrẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ lọ́wọ́ ẹni kan náà.

"Oṣù mẹ́wàá tí ọwọ́ mi fi kán," ni káfíńtà wí, "ta ló ń san tèmi fún báǹkì?"

"Mi ò rántí."

"Èmi rántí. Ẹ ò mẹ́nu bà á fún mi rí, pẹ̀lú ẹnu yín yìí."

"Mi ò yá ẹ lówó nígbà yẹn. Ẹ̀gbọ́n ẹ ni mí."

Ibẹ̀ ni ariwo ti bẹ̀rẹ̀. Ogún ọdún ni akọ̀wé náà ti ń la ìjà láàárín àwọn tó jọ nilé, àwọn tó ń wá púpọ̀ sí i ló sì ń là. Kò rí àwọn tó ń jà nítorí pé kálukú fẹ́ gba kékeré rí. Ó wo inú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀ bóyá ìwé kan wà fún irú èyí, kò sí. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jáde lọ sọ ọ́ níta, bí wọ́n bá ti fẹnu kò kí wọ́n padà wá.

Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn iwájú báǹkì, àwọn èèyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Nígbà tó rẹ Àlùmọ́gàjí láti máa pariwo, ó ní ó dáa, kí báǹkì yá òun ní èyí tó bá lè yá òun, ṣùgbọ́n òun máa fọwọ́ ara òun san ìyókù fún un díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Káfíńtà bi í pé ọdún mélòó nìyẹn máa gbà. Ó ní mẹ́sàn-án. Káfíńtà rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi bọ́ sílẹ̀. Nígbà tó rí i pé kò bá òun rẹ́rìn-ín, ó gbọn fìlà náà, ó ní òun gbà, òun á kọ nọ́ńbà àkáǹtì òun sílẹ̀ fún un kóun tó lọ.

"Mi ò fẹ́ nọ́ńbà kankan," ni Àlùmọ́gàjí wí. "Mi ò ní fi ránṣẹ́. Ìwọ fúnra ẹ ni wàá máa wá gbà á lọ́wọ́ mi nílé, lórí tábìlì tá a jọ ń jẹun, ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan."

"Àǹtí mi, wákàtí mẹ́fà ni, àlọ nìkan. Owó ọkọ̀ á ju owó tí mo fẹ́ wá gbà lọ."

"Mo mọ̀," ó ní. "Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ ṣírò."